Bí Bíréèkì Bá Ń Rì Lábẹ́ Ẹsẹ̀: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Mọ̀ Kí A Tó Wakọ̀ Lọ Sílé

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa iṣẹ́ mẹkáníìkì tí mo ń ṣe. Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni mo yàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Jos ni ó máa ń wakọ̀ lọ sílé nígbà ọdún. Bí a bá sì ti kọjá Riyom, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Hawan Kibo ni a óò sọ̀ kí a tó dé Akwanga. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ kò bá dá lójú kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa gbé ọkọ̀ wọn wá bá mi. Ọjọ́ kejì ni àwọn, ìyàwó wọn àti ọmọ mẹ́rin fẹ́ gbéra. Wọ́n ní, "Bí mo bá dúró nínú gosiló, tí mo fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì, ńṣe ni ó ń rì lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Bí mo bá tún un tẹ̀, á tún le." Ibi méjì ni wọ́n ti gbé e dé. Wọ́n da ọ́ìlì bíréèkì kún un ní ibi kìíní, wọ́n fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ní ìkejì. Ó dára fún ọjọ́ kan, ó tún padà. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún wọn ni pé ọ́ìlì kún, nítorí náà kò sí ewu. Èyí gan-an ni àṣìṣe tí mo fẹ́ tọ́ka sí: ọ́ìlì tí ó kún kì í ṣe ẹ̀rí pé bíréèkì dára.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ní iwájú awakọ̀, ni másítà bíréèkì wà, ike ọ́ìlì sì jókòó lé e lórí. Bí a bá tẹ bíréèkì, písítìnnì inú másítà á ti ọ́ìlì gba inú páìpù lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀. Ọ́ìlì kì í ṣe ohun tí a lè fún kí ó kéré bí afẹ́fẹ́. Bí kò bá rí ibi sá gbà, pẹ́dàlì kò lè máa wọlẹ̀. Rọ́bà tí ó wà lára písítìnnì ni ó ń sé e mọ́. Bí rọ́bà yìí bá gbó, ọ́ìlì á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn. Kò jò sílẹ̀, kò sì dínkù nínú ike, ṣùgbọ́n agbára bíréèkì ti lọ.

Ẹ lè yẹ tiyín wò nílé. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú, kí ẹ fi òkúta dí táyà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ bíréèkì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún títí yóò fi le. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bákan náà, kí ẹ ka 1 dé 60. Kò gbọdọ̀ rìn. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Á wọlẹ̀ díẹ̀, á sì dúró. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rì lọ, ẹ má ṣe rin ìrìn-àjò kankan.

Bí a ṣe ń mọ àrùn kan yàtọ̀ sí èkejì nìyí:

1. Bí ọ́ìlì bá ń dínkù, tí inú táyà tàbí ara páìpù tutù, ó ń jò.

2. Bí ọ́ìlì bá ń dínkù tí a kò rí ibi tí ó tutù, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ másítà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó lè máa jò sí.

3. Bí pẹ́dàlì bá rọ̀ bíi tìmùtìmù, tí ó sì ń le bí a bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀.

4. Bí ọ́ìlì bá kún, tí gbogbo ara gbẹ, tí pẹ́dàlì sì ń rì, másítà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ti bàbá wa, ìkẹrin ni. Kí ó lè dá mi lójú, mo tú páìpù kúrò lára másítà, mo fi bóòtù dí ẹnu rẹ̀, mo ní kí wọ́n tẹ bíréèkì. Ó ṣì ń rì. Bí ó bá le ni, ọ̀nà iwájú ni ǹ bá máa wá àrùn náà lọ.

Wọ́n ní kí n kàn pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo tú u, mo rí i pé inú rẹ̀ ti ha, ìpẹtà sì ti mú un. Rọ́bà tuntun tí a bá fi sí i, yóò tún ya. Másítà tuntun kò sì lè dé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Inú bí wọn, nítorí wọ́n ti sọ ọjọ́ tí àwọn ń bọ̀ fún àwọn ará ilé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ bínú sí mi lónìí, kí ẹ rí mi bá wí lọ́dún tí ń bọ̀." Wọ́n dákẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Kí n tó de másítà tuntun mọ́ ọkọ̀, mo kọ́kọ́ rọ ọ́ìlì sí i, mo sì ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni mo fa afẹ́fẹ́ jáde ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí n kò jẹ́ kí ike gbẹ rárá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, bí ẹ bá ń ṣe èyí lára ọkọ̀ àgbà, ẹ fi igi sábẹ́ pẹ́dàlì. Bí písítìnnì bá lọ dé ibi tí kì í dé tẹ́lẹ̀, ìpẹtà ibẹ̀ lè ya rọ́bà rẹ̀.

Irú ọ́ìlì tí a kọ sórí ìdérí ike, bíi DOT 3 tàbí DOT 4, ni kí ẹ lò. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láéláé. Á mú kí gbogbo rọ́bà wú. Ọ́ìlì bíréèkì tún máa ń fa omi mọ́ra. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó gbóná dé 205°C, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní nǹkan bí 140°C. Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún méjì méjì, kí ẹ sì fi jíà kékeré sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Bí ó bá rì lójú ọ̀nà, ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra kíákíá, ẹ bọ́ sí jíà kékeré, ẹ fa hándìbíréèkì díẹ̀díẹ̀. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì.

Bàbá wa gbéra ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tí wọ́n sọ̀ Hawan Kibo tán, wọ́n dúró, wọ́n pè mí: "Ó dúró gbọin lábẹ́ ẹsẹ̀ mi." Wọn kò tún bínú mọ́.

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. A óò délé láyọ̀, a óò sì padà bá ara wa láyọ̀. Àṣẹ.