Àgbò Òkè Ọya àti Abo Àgùntàn Ilé

Àgùntàn ilẹ̀ Yorùbá kúrú. Abo rẹ̀ tí ó dàgbà kì í sábà wúwo ju 30 kílò lọ. Òkè Ọya ni Yankasa, Uda àti Balami ti ń wá, Balami funfun elétí gígùn ni ó sì tóbi jù. Bí ọdún Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni olówó ń wá kiri. Abájọ tí ọlọ́sìn fi ń fẹ́ kí àgbò wọn gun abo ilé.

Àdàlù náà lérè lóòótọ́, nítorí ọmọ tí ẹ̀yà méjì tí ó jìnnà síra bá bí a máa yára dàgbà. Ṣùgbọ́n bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tún ń gun ara wọn, nǹkan bí ìdajì àǹfààní náà ni yóò lọ.

Èyí tí ó burú jù ni ti eṣinṣin tsẹ̀tsẹ̀. Àrùn tí ó ń kó sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran kì í tètè pa àgùntàn kúkúrú, tí ó ti ń bá a gbé láti ayébáyé; Balami kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi àgbò ńlá gun agbo rẹ̀ láti ìran dé ìran ń fi ààbò ra ẹran ara ni. Abo kékeré tí ó gba oyún ràgàjì sì lè kú sórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn oṣù márùn-ún.

Yankasa, tí kò tóbi tó Balami, ni ó yẹ abo tí ó ti bímọ rí. Kí a ta gbogbo ọmọ àdàlù fún pípa, kí àgbò ilé sì máa gun apá kan nínú àwọn abo, kí irú wọn má bàa run.