Nígbà tí Ẹ̀jẹ̀ bá Ru, tí Ọkàn sì Rẹ̀wẹ̀sì

Ní ọdún 2022, nígbà tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé tún kún àkúnya ní ìlú Lokoja wa yìí bí wọ́n ti kún ní 2012, arákùnrin kan nínú jámáà wa, tí ilé rẹ̀ wà ní apá Ganaja, kó ẹbí rẹ̀ lọ sí ilé ìbátan. Ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Omi fà, ó padà sílé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò padà sí bí a ti mọ̀ ọ́n. Kì í sùn lóru. Bí òjò bá ti ṣú, àyà rẹ̀ a já. Ó ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, a sì máa wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́wàá lójúmọ́; bí nọ́ńbà bá ga díẹ̀, ìpayà a tún gbé e ga sí i. Nígbà tí ó yá, ó pa ẹ̀rọ tì, ó pa oògùn tì, kò sì wá kírun pẹ̀lú jámáà mọ́. Ó dùn mí láti kọ ohun tí àwa tí a jọ ń kírun sọ: a ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti dín kù.

Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò dín kù. Àìsàn kejì ni ó wọlé tọ àkọ́kọ́ wá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ní àmì. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ń dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, dókítà yóò sọ pé ó ti ru, yóò sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí a máa lo oògùn títí ọjọ́ ayé. Ọjọ́ náà gan-an ni ìrònú ń bẹ̀rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni ọkàn kọ́kọ́ ń lọ sí, nítorí kò sí àdúgbò tí a kò ti rí ẹni tí ó ṣe. Nígbà tí ẹ̀rù bá sì ba ènìyàn, àyà a lù kìkì, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ a fún, ẹ̀jẹ̀ a sì ru sókè fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ní kí á jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó pẹ́ léwu ju ìpayà ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn lọ, nítorí ẹni tí kò rí ìdí tí yóò fi jí ní òwúrọ̀ kò ní rántí oògùn.

Ohun kan tún wà tí a kì í sọ ní gbangba. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan lè mú kí ó máa rẹ ènìyàn, àwọn kan lè dín agbára ọkùnrin kù, àìsàn náà fúnra rẹ̀ sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lè ju oògùn nù ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sì máa kanra mọ́ aya tí kò mọ ohun tí ó ṣe. Oògùn mìíràn wà tí dókítà lè fi rọ́pò rẹ̀, bí a bá sọ fún un. Irú ìtìjú yìí kọ́ ni ẹ̀sìn wa yìn.

Pé ara àti ọkàn so mọ́ra, àwọn baba wa kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni àwọn oníṣègùn Yorùbá fi ń mú kí ara ẹni tí orí rẹ̀ dàrú rọlẹ̀. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Láti ara igi mìíràn nínú ẹbí kan náà, ní 1952, ni a ti yọ èròjà reserpine, tí ó wà nínú asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú. Àwọn dókítà òyìnbó fi ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì fi tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣàkíyèsí pé àwọn kan tí ń lò ó nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì. Nítorí náà, ẹni tí ń mu àgbo mọ́ oògùn ilé ìwòsàn, kí ó má fi pamọ́ fún dókítà rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí aláìsàn máa ṣe sìkírì nìkan. Sìkírì ń fi ọkàn balẹ̀, Al-Kùránì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Al-Kùránì kan náà ni ó sọ fún wa, nínú Súrà Yúsúfù, pé ìbànújẹ́ Ànábì Yáqúùbù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi di funfun. Ta ni yóò ní ìgbàgbọ́ Ànábì dín kù? Ó kó ẹ̀dùn rẹ̀ lọ bá Ọlọ́hun, ó sì tún rán àwọn ọmọ rẹ̀ jáde pé kí wọ́n lọ wá Yúsúfù. Abu Zayd al-Balkhi, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí tí ó kú ní 934, kọ odindi ìwé lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn. Ó pín ìbànújẹ́ sí èyí tí a mọ ìdí rẹ̀ àti èyí tí ẹni tí ó ń ṣe kò mọ ìdí rẹ̀, ó sì ní inú ara ni èkejì ti ń wá. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí a tó bí Lambo ti Aro nìyẹn.

Bí àìsùn, àìlèjẹun, tàbí àìní inú dídùn sí ohunkóhun bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ sọ fún dókítà tí ń wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ní Lokoja níbí, ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí FMC. Bí aláìsàn bá ń sọ pé ikú sàn ju ayé lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì pè é ní wèrè. Òfin ayé àtijọ́ tí ń lo irú orúkọ bẹ́ẹ̀, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ti rọ́pò rẹ̀ ní Nàìjíríà láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023.

Ìyàwó arákùnrin wa ni ó mú un lọ. Dókítà pààrọ̀ oògùn kan, ó fi òmíràn kún un, ó sì ní kí ó má wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójúmọ́. Ó tó oṣù mélòó kan kí a tó tún rí i ní ìrun àsùbáà. Ṣùgbọ́n kí ó tó wá, àwa mẹ́ta ti lọ bá a nílé láti tọrọ àforíjìn fún ọ̀rọ̀ tí a sọ. Ó wò wá títí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí a jókòó.