Ọjọ́ Mélòó Nínú Ọ̀sẹ̀ Méjì?

Bí ẹ bá bi èèyàn wa léèrè àlàáfíà, "A dúpẹ́" ló máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó sùn fọnfọn lánàá á sọ ọ́, ẹni tí ilé ayé ti sú pátápátá náà á sọ ọ́. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ kò lè kọ "a dúpẹ́" sínú fáìlì kí n sì sọ pé mo ti yẹ aláìsàn ìsoríkọ́ wò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ka ọjọ́.

PHQ-9 ni wọ́n ń pe ìwé ìbéèrè tí a ń lò. Robert Spitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè 9 ló wà nínú rẹ̀, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, agbára, bóyá nǹkan ṣì ń wu èèyàn í ṣe, bóyá ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, títí dórí ìrònú ikú. Tí kò bá ṣẹlẹ̀ rárá, òdo. Ọjọ́ mélòó kan, 1. Tó bá ju ìdajì ọjọ́ náà lọ, 2. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, 3. Àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Ẹni tó bá ti gba 10, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Màmá onílùbọ́ kan gba 17 nígbà tó kọ́kọ́ wá. "Orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀," ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n nìyẹn. Wọn ò mẹ́nu kan ìbànújẹ́ rárá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ti ń lo oògùn, ó di 8. Inú ọmọ tó tẹ̀ lé wọn dùn: "Nọ́ọ̀sì, Màmá ti gbádùn!"

Lóòótọ́, 8 kò tó ìdajì 17, oògùn ti ń ràn nìyẹn. Àmọ́ àìsàn kò tíì lọ. Ó dìgbà tí àpapọ̀ bá wálẹ̀ ju 5 lọ ká tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá wo ibi tí 8 náà ti wá. Oorun ti padà, òdo ni wọ́n gbà níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Ṣé iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ràn ṣì ń wù yín í ṣe, Màmá?" Wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n iye tí oníbàárà bá ti pè ni àwọn ń gbà. Onílùbọ́ tí kì í bá èèyàn nájà mọ́! "Ọjọ́ mélòó ló rí bẹ́ẹ̀?" "Ojoojúmọ́ ni, ọmọ mi." Mo kọ 3.

Mo máa ń fura sí oorun. Lọ́dún 1960, Max Hamilton, dókítà kan ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwọ̀n tirẹ̀ jáde, èyí tí àwọn tó ń dán oògùn wò ṣì ń lò. Nínú ìbéèrè 17 tó wà níbẹ̀, 3 dá lórí oorun: àìtètè sùn, jíjí lóru, àti jíjí kí ilẹ̀ tó mọ́. Máàkì 6 ni wọ́n kó nínú 52. Oògùn tó ń kun èèyàn lóorun bí amitriptyline lè tètè fa àpapọ̀ yẹn wálẹ̀ nígbà tí ọkàn ṣì wúwo.

Ní ti PHQ-9, ìbéèrè kẹsàn-án, èyí tó dá lórí ikú, ni àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń fò. Wọ́n ní tí a bá bi èèyàn bóyá ikú ń wù ú, a ti fi sí i lọ́kàn. Ìwádìí kò fi hàn bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, bí àpapọ̀ tilẹ̀ jẹ́ 3 péré, tí 1 bá wà lórí ìbéèrè yìí, onítọ̀hún kò ní lọ sílé láìrí dókítà.

Nígbà tí Màmá wálẹ̀ sí 4, ọmọ wọn bi mí bóyá kí wọ́n dá oògùn dúró. Rárá o. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí a máa bá a lọ fún oṣù 9 sí 12 lẹ́yìn tí àmì àìsàn bá ti lọ, kí dókítà tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. A ṣì ń béèrè àwọn ìbéèrè 9 náà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá gba oògùn. Mo sì ti sọ fún ọmọ wọn pé kó dúró síta. Òun ló máa ń bá wọn dáhùn.