“Ta ni ìyá ọkọ rẹ?”: Ìbéèrè kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìyàwó padà lẹ́nu ọ̀nà Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà ní ẹnì kan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń wò ó. Kò sí ẹni tó máa jiyàn ọ̀rọ̀ yìí ní ìgboro tàbí ní abúlé kankan nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2023, ọ̀rọ̀ àgbà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di wàhálà sí ọ̀rẹ́ mi kan lọ́rùn, níwájú òyìnbó tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nítorí físà tí yóò fi lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Mo mọ ìyàwó yìí dáadáa. A jọ kàwé ni, èmi ni mo sì ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó fún un nígbà tó ṣègbéyàwó ní oṣù kejìlá ọdún 2019. Ọkọ rẹ̀ ti di ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Texas ló ń gbé. Ó wálé, wọ́n ṣe ìdána, wọ́n lọ sí kọ́ọ̀tù, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà dé, tí àwọn ọ́fíìsì tó ń ṣe físà ti ilẹ̀kùn. Ó di orí fóònù kí tọkọtaya tó rí ara wọn.

Ẹ kúkú mọ bí ẹnu ayé ṣe rí sí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Àwọn kan ní ọkùnrin náà ti ní òyìnbó nílé, àwọn mìíràn ní kò ní í ránṣẹ́ pè é láéláé. Ìyá ọ̀rẹ́ mi, tí wọ́n ń ta aṣọ òkè ní Ìséyìn, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Ọmọ mi, mo ń rẹ́rìn-ín fún wọn lọ́sàn-án ni o, mi ò kì í sùn lóru.”

ỌNÀ JÌN KÍ Á TÓ DÉ ẸNU FÈRÈSÉ

Ọ̀pọ̀ òbí ló rò pé bí ọmọ bá ti fẹ́ ará Amẹ́ríkà, ó ku kó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọkọ tó wà lọ́hùn-ún ló máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní USCIS. Fọ́ọ̀mù I-130 ni orúkọ ìwé náà, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn nínú rẹ̀ pé tọkọtaya ni àwọn lóòótọ́. Ó máa kọ orúkọ bàbá àti ìyá tirẹ̀ síbẹ̀, ti ìyàwó náà kò sì ní í gbẹ́yìn.

Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, fáìlì á bọ́ sí ibùdó mìíràn, National Visa Center. Ibẹ̀ ni ìyàwó ti máa kọ fọ́ọ̀mù DS-260 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọkọ á sì buwọ́ lu ìwé I-864. Ìwé yìí ni ọkọ fi ń ṣèlérí pé òun á gbọ́ bùkátà ìyàwó òun, kò ní í di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn. Bí ọkọ kì í bá ṣe ọmọ ogun, owó tó ń wọlé fún un gbọ́dọ̀ tó ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba ibẹ̀ kà sí ààlà òṣì fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí kọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, àti àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. Ìgbà tí àwọn ìwé náà bá pé ni wọ́n tó ń dá ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àyẹ̀wò ara á sì wáyé kí ọjọ́ náà tó pé. Kì í ṣe Àbújá ni ọ̀rẹ́ mi ti ṣe tirẹ̀. Èkó ni, ní Walter Carrington Crescent, Victoria Island, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ti àwọn tó ń kó lọ pátápátá.

NÍWÁJÚ GÍLÁÀSÌ

Aago mẹ́rin ìdájí la kúrò ní Agége lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ti wá láti Ìséyìn lọ́jọ́ tó ṣáájú. Nígbà tí a débẹ̀, ènìyàn ti tò. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn mú fóònù wọlé, ẹni tí wọ́n pè nìkan ló sì ń wọlé. Nítorí náà, èmi àti ìyá dúró síta, ọ̀rẹ́ mi gbé fáìlì rẹ̀ àti àwòrán ìgbéyàwó, ó wọlé lọ.

Ohun kan wà tí a kò mọ̀ nígbà náà. Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní agbaninímọ̀ràn lórí físà ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ́ ọ pé, “Má ṣàlàyé ohunkóhun. Bí o bá ti ń ṣàlàyé, wọ́n á ní irọ́ lò ń pa.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ẹnu ọ̀rẹ́ mi ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n ya ìka rẹ̀, ó jókòó títí ó fi kàn án. Ìdúró lèèyàn ń dáhùn ìbéèrè, gíláàsì ló wà láàárín. Òyìnbó ní kó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, kó búra pé òtítọ́ lòun máa sọ. Ó bi í níbi tí wọ́n ti pàdé, iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe, ìgbà tí wọ́n rí ara wọn gbẹ̀yìn. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀.

Ni òyìnbó bá gbé àwòrán ìdána kan sókè. Obìnrin kan jókòó níbẹ̀ nínú aṣọ òkè, ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn.

“Ta nìyí?”

“Ìyá ọkọ mi ni.”

Òyìnbó wo fáìlì, ó tún wo àwòrán. Ó ní, “Ọkọ rẹ kọ ọ́ síbí pé ìyá òun ti kú. Ta wá ni obìnrin yìí?”

Ẹ̀rù ba ọ̀rẹ́ mi. Ó rántí pé wọ́n ní kó má ṣàlàyé. Ló bá ní ó ṣeé ṣe kí ọkọ òun ti ṣi fọ́ọ̀mù kọ.

Ọkọ rẹ̀ kò ṣi fọ́ọ̀mù kọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá tó bí i kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló gbà á tọ́, àwọn ló san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, Màámi ló sì ń pè wọ́n. Àwọn ló jókòó sí ipò ìyá lọ́jọ́ ìdána. Nílẹ̀ Yorùbá, ta ló jẹ́ bi ọkọ ìyàwó pé ṣé ìyá tó bí ọ nìyí? Ìwọ̀sí ni. Ọ̀rẹ́ mi mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá pé ìyá méjì ni ọkọ òun ní. Èdè òyìnbó ló fi dáhùn, orí Yorùbá ló fi ronú.

Èmi kò rí ẹ̀bi òyìnbó níbẹ̀. Ìwé sọ ohun kan, ẹnu sọ òmíràn. “Ìyá ọkọ mi ni” kì í ṣe irọ́. “Ọkọ mi ṣi fọ́ọ̀mù kọ” ni irọ́, ó sì pa á lẹ́yìn tó ti búra.

Ìwé pélébé kan ló mú jáde. Wọ́n kọ 221(g) sí i, nọ́ńbà òfin tí wọ́n fi ń dá físà dúró títí èèyàn á fi mú ohun tó kù wá. Ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀, wọn kò béèrè ohunkóhun. Wọ́n kàn tú gèlè orí wọn, wọ́n fi nu ojú ọmọ wọn.

BÍ WỌ́N ṢE TÚN UN ṢE

Ọkọ rẹ̀ kọ̀wé láti Texas, ó ṣàlàyé ẹni tó bí i àti ẹni tó tọ́ ọ. Olórí ẹbí rẹ̀ lọ búra ní kọ́ọ̀tù. Wọ́n rí ìwé ètò ìsìnkú ìyá tó bí i nínú àpótí, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n rí ìwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Màámi buwọ́ lù gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́. Ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé ẹ̀rù ló ba òun, fọ́ọ̀mù ọkọ òun kò ní àṣìṣe.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi dúró. Ní oṣù keje ọdún 2023, físà jáde. Nítorí pé ìgbéyàwó wọn ti lé ní ọdún méjì, káàdì ọlọ́dún mẹ́wàá ló tọ́ sí i. Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò bá tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tó wọ Amẹ́ríkà, ti ọdún méjì ni wọ́n ń fún, òun àti ọkọ rẹ̀ á sì tún kọ̀wé láàárín 90 ọjọ́ tó ṣáájú kí káàdì náà tó kú.

Ẹ̀yin òbí wa, kí ọmọ tó lọ síwájú òyìnbó, ẹ pe ẹbí méjèèjì jókòó. Ta ni ìyá tó bí ọkọ, ta ni ìyá tó tọ́ ọ? Àwọn wo ni ọmọ ìyá, àwọn wo ni ọmọ àǹtí tí gbogbo wa ń pè ní àbúrò? Kí ni orúkọ tó wà lórí ìwé, yàtọ̀ sí èyí tí a ń pè é nílé? Bí ọkọ bá ti fẹ́ ìyàwó rí, tàbí tó ti bímọ síta, kí ìyàwó gbọ́ ọ nílé, kó má jẹ́ ẹnu fèrèsé ni yóò ti gbọ́ ọ. Ohun tí àṣà wa kà sí ọ̀kan tí ìwé kà sí méjì, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé rẹ̀ kí wọ́n tó bi í.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbà kí wọ́n fi ìgbéyàwó ayédèrú lọ̀ ọ́. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ló lè já sí, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó 250,000 dọ́là.

Ọ̀ràn tún ti yí padà láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dín físà wọn kù, ti àwọn tó fẹ́ lọ máa gbé ibẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ san owó kí òun lè bá yín gba ẹ̀yìn ṣe é, olè ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà fúnra wọn.

Mo lọ kí Màámi lẹ́yìn tí ìyàwó ti dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán tí tọkọtaya náà fi ránṣẹ́ hàn mí. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bi mí pé, “Àwọn òyìnbó yẹn, ṣé wọ́n ti wá gbà báyìí pé ọmọ mi ni?”

Mo ní, “Wọ́n ti gbà, mà. Ó ti wà nínú ìwé.”