NÍPA KẸ̀KẸ́ ÀLÒKÙ TÍ A Ń ṢẸ́ PO

Ẹni tí ń ti Ilemona lọ sí Ọ̀fà lè jẹ àǹfààní kẹ̀kẹ́ tí a ń ṣẹ́ po. Bí òjò bá ká a mọ́ ọ̀nà, yóò ṣẹ́ ẹ po, yóò gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, yóò sì délé. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ra àlòkù kò gbọdọ̀ wo ẹwà ọ̀dà nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a fi oríṣi méjì wéra. Brompton, tí a ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, a máa kéré púpọ̀ bí a bá ṣẹ́ ẹ, nítorí íǹṣì 16 ni ẹsẹ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Íǹṣì 20 ni ti ọ̀pọ̀ Dahon. Ẹsẹ̀ kékeré a máa rì sínú kòtò, a sì máa gbọn ẹni tí ń gùn ún. Ti 20, bí táyà rẹ̀ bá sanra, a máa rọ ara lọ́rùn jù. Kí olùrà ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni ó ń lo 406. Ṣùgbọ́n táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé oníǹṣì 16 kò lè wọ 349 ti Brompton.

Kí ó gbé gàárì ga títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi nà nígbà tí gìgísẹ̀ bá wà lórí ibi ìtẹ̀ ìsàlẹ̀. Eékún kì yóò tètè dùn ún.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó nu oríkèé ibi tí a ti ń ṣẹ́ ẹ, kí ó wò ó nínú oòrùn, kí ó tì í, kí ó sì mì í. Bí ó bá ti sán, tàbí tí ó ń mì, kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Bí oríkèé bá yẹ̀ lójú eré, eyín àti apá ni yóò san ìyókù owó náà.