Ìmọ́tótó Ìlú àti Ojúṣe Ẹnì Kọ̀ọ̀kan: Àpẹẹrẹ Òkè-Odò

Àwọn àgbà a máa wí pé afínjú wọ ọjà, ó rìn gbẹ̀ndẹ́kẹ. Ọ̀bùn wọ ọjà, ó rìn ṣùẹ̀ṣùẹ̀. Ìwà ènìyàn méjì ni òwe yìí ń sọ. Kò sọ bí ọjà tí àwọn méjèèjì wọ̀ ti rí. Ní ayé òde òní, afínjú lè wẹ̀, kí ó wọ aṣọ funfun, kí ilé rẹ̀ sì máa dán, síbẹ̀ kí ó tẹ ẹrẹ̀ àti pàǹtí kọjá kí ó tó dé ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni èyí: ta ni ó ni ìmọ́tótó ibi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni?

Òkè-Odò jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára fún ìbéèrè náà. Ó wà ní ẹ̀bá títì ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ní 2003, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pín agbègbè náà sí mẹ́fà, wọ́n sì fi orúkọ Àgbádó àti Òkè-Odò pe ọ̀kan nínú wọn. Ọjà oúnjẹ Òkè-Odò gbajúmọ̀; iṣu, ata, ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa wọ ibẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ènìyàn tí ó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Onílé àti ayálégbé ni wọ́n, láti ìlú àti ẹ̀yà gbogbo.

Ní àtijọ́, ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kò ṣòro. Agbo ilé ni ó ni ìgbálẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, àwọn obìnrin ilé àti àwọn ọmọ a ti gbá ojúde. Bí ọdún bá ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ a yẹ ọ̀nà odò àti ọ̀nà oko. Ẹni tí kò bá jáde, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bá a wí, nítorí gbogbo wọn mọ orúkọ ara wọn. Ìtìjú ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Ẹ̀yìn ilé ni ààtàn wà. Èèpo iṣu, eérú, ewé ẹ̀kọ àti àfọ́kù ìkòkò ni a ń dà sí i. Òjò a rọ̀, oòrùn a ràn, ilẹ̀ a sì jẹ púpọ̀ nínú wọn, títí tí ẹ̀fọ́ yóò fi hù níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ju ewé ẹ̀kọ sílẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọwọ́ kan náà ni ó ń ju ọ̀rá omi sílẹ̀ lónìí. Àṣà ọwọ́ kò yí padà. Ohun tí ọwọ́ ń jù ni ó yí padà. Ewé a máa jẹrà. Ọ̀rá kì í jẹrà lójú ayé ẹni tí ó jù ú.

Nígbà tí àwọn Òyìnbó gba Èkó, ìgbálẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ìjọba. Gómìnà William MacGregor, tí ó wà ní Èkó láti 1899 títí di 1904, jẹ́ oníṣègùn, ó sì gbógun ti yànmùyánmú gidigidi. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò tún ìlú ṣe. Àkókò náà ni orúkọ wolé-wolé di ohun ẹ̀rù. Wolé-wolé a yọjú wo inú àmù. Bí ó bá rí tanwíji nínú omi, onílé yóò san owó ìtanràn. Àwọn ènìyàn kọ́ láti da omi náà nù kí wolé-wolé tó dé. Àwọn tí ó mọ ìdí rẹ̀ kò pọ̀.

Irú ẹ̀kọ́ yìí náà ni àwọn ológun kọ́ni. Ní 1984, ìjọba Ọ̀gágun Buhari bẹ̀rẹ̀ ogun tí ó ń bá ìwà àìníkọ̀ọ́ jà, èyí tí a mọ̀ sí WAI, ìmọ́tótó àyíká sì di apá kan rẹ̀. Ní Èkó, ó di àṣà pé ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn láti aago méje sí mẹ́wàá òwúrọ̀. Àwọn kan gbálẹ̀, ọ̀pọ̀ sùn. Ní 2015, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ pé kò bófin mu láti sé àwọn ènìyàn mọ́lé báyìí. Ní ìparí 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fagi lé ìséde náà. Ohun tí ó hàn ni pé ìmọ́tótó tí pàṣán bá bí, bí pàṣán bá ti lọ, òun náà yóò lọ.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Gbólóhùn kan wà tí tàgbà tèwe mọ̀: iṣẹ́ ìjọba, a kì í ṣe é láàgùn. Ìgbà tí ìgbálẹ̀ di iṣẹ́ ìjọba ni gọ́tà di ilẹ̀ tí kò ní olówó. Ní 1977 ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ tí ń kó ìdọ̀tí sílẹ̀, èyí tí ó di LAWMA ní 1991. Ìdọ̀tí tí Èkó ń dà jọ lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti wí, ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tọ́ọ̀nù lọ. Ní 2023, ìjọba ti ọjà ńlá bí Òyìngbò àti Máìlì Méjìlá pa fún ọjọ́ díẹ̀ nítorí ẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọjà tí a tì yóò ṣí.

Ẹni tí ó bá gbé ìdọ̀tí rẹ̀ fún ọlọ́mọlanke lálẹ́ ní Òkè-Odò gbà pé ó ti lọ. Kò lọ. Bí ó bá bọ́ sínú gọ́tà, òjò yóò gbé e padà wá sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì gbé e lọ síbi tí ó tọ́, ó lè jẹ́ ààtàn ńlá Solous ní Ìgàndó, nínú agbègbè Alímọ̀ṣọ́ kan náà, níbi tí àwọn ènìyàn ti kọ́lé yí i ká. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé ẹni tí ó yàgbẹ́ ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Nígbà tí onígbáméjì jà ní Èkó ní oṣù kẹfà 2024, kò bi onílé mímọ́ léèrè bí ó ti ń gbálẹ̀ kí omi ẹlẹ́gbin tó bá ohun mímu rẹ̀.

Èyí kò wẹ ìjọba mọ́. Ayálégbé kan kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ la kòtò ńlá, kò sì lè ra ọkọ̀ akódọ̀tí. Ní London ní 1858, Odò Thames rùn dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin; kì í ṣe ìwàásù fún àwọn onílé ni ó wo ó sàn, bí kò ṣe ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ tí Joseph Bazalgette kọ́ pẹ̀lú owó ìlú. Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 pín ẹrù náà sí méjì: abala 20 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀, abala 24 ní kí ọmọ ìlú ṣe ohun tí yóò mú ire bá àdúgbò tí ó ń gbé. Ẹni tí kò bá ju ọ̀rá sí gọ́tà ni ó lè fi ẹnu mímọ́ bèèrè ọkọ̀ tí kò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Rwanda náà a máa lo Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, a sì máa fi òfin mú un. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ní Èkó, a sé àwọn ènìyàn mọ́lé. Ní Rwanda, wọ́n a jáde pàdé ara wọn, bí wọ́n bá sì ṣiṣẹ́ tán, wọ́n a jókòó sọ̀rọ̀ àdúgbò. Ìpàdé yẹn sún mọ́ ohun tí agbo ilé ní rí.

Òkè-Odò kò lè padà di agbo ilé, ṣùgbọ́n ojúlé wà, ẹgbẹ́ onílé wà, ìyálọ́jà sì wà. Bí ìyá alátà bá ní apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí lábẹ́ àtẹ rẹ̀, tí ojúlé mẹ́wàá sì mọ ẹni tí gọ́tà iwájú wọn kàn ní ọ̀sẹ̀ yìí, ilẹ̀ náà ti tún ní olówó. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀húrù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.