Ọmọ Sùúrù Ni Ìwà


Lóṣù Kẹjọ ọdún 1983, wọ́n kéde Akin Ọmọ́boríowó ní gómìnà dípò Olóyè Adékúnlé Ajáṣin. Ohun kan náà ló dun gbogbo àwa alátìlẹyìn Ajáṣin. Ìwà wa ni kò dọ́gba.

Onínúfùfù ni mí nígbà náà. Mo ti gbé àdá l'Óńdó kí bàbá mi tó tì mí mọ́ ìdí Ifá. L'Ákùrẹ́, àwọn kan dáná sun ilé, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ajáṣin, olùkọ́ àtijọ́, gba kóòtù lọ. Kóòtù dá ipò rẹ̀ padà fún un.

Ọmọ Sùúrù ni Ifá pe Ìwà. Bí inú yín bá máa ń tètè ru, ẹ fi ìgbín bọ Orí, kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó fèsì. Ire o.